Ojúṣe ta ni? Lórí ìtumọ̀ «ìgbàlò ọgbọ́n àtọwọ́dá pẹ̀lú ojúṣe»

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀ lórí títú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní kí a bá òun wo àkọlé kan tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ fi sí iwájú ìlànà rẹ̀: «Ìgbàlò ọgbọ́n àtọwọ́dá pẹ̀lú ojúṣe», ìyẹn «responsible adoption of artificial intelligence» (AI) lédè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, orí «ọgbọ́n» ni gbogbo wa ń jà sí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kò lè gbọ́n, kí a yáa pè é ní òye. Àwọn mìíràn ní òye gan-an ló léwu jù, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́n ni kò lóye. Àbúrò wa kan wá mú «ọgbọ́n àfarawé» jáde, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n «pẹ̀lú ojúṣe» ló ń jẹ mí lọ́kàn ní tèmi, kò sì tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Kí n tètè sọ tèmi lórí «ọgbọ́n» kí n kọjá. Nígbà tí John McCarthy, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ìwé ìdábàá wọn ní 1955 fún ìpàdé tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní 1956, ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé a lè ṣàlàyé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti làákàyè yékéyéké débi pé ẹ̀rọ yóò lè fara wé e. Ọdún márùn-ún ṣáájú wọn ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pe ìdánwò tirẹ̀ lórí bóyá ẹ̀rọ lè ronú ní eré ìfarawé. Nítorí náà, àbúrò wa kò ṣìnà rárá, ìfarawé ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ́n kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan lédè wa. Ìjàpá lọ́gbọ́n. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì, a ó dọ́gbọ́n sí i. Àwọn àgbà sì ti ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kí ló wà nínú ẹ̀rọ yìí bí kò ṣe ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, ohun tí àìmọye èèyàn ti kọ sílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ? «Ọgbọ́n àtọwọ́dá» ti wọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ojúṣe ńkọ́? Ojúṣe kì í dá rìn ní Yorùbá. Ojúṣe òbí, ojúṣe olùkọ́, ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó ni ín máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ojúṣe, n ó dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ló lè fi ọ̀rọ̀ kan bíi «responsible» ṣàpọ́nlé ìlò, kó wá dún bí ẹni pé ìlò fúnra rẹ̀ ló níwà. Nígbà tí a tú u, ẹni tó ni ojúṣe náà sọnù sójú ọ̀nà. Ìlànà tí kò sì lólóhun, kò sẹ́ni tí yóò tẹ̀ lé e nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá yóò ní iṣẹ́ olùkọ́ ni, olùkọ́ yóò ní iṣẹ́ àwọn tó ra ẹ̀rọ ni, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a lò ni jíhìn. A kì í jíhìn láìsí ẹni tí a ń jíhìn fún, a kì í sì í jíhìn bí kò bá sí iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Olùjíhìn, ẹni tó rán an, iṣẹ́ tó jẹ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀rọ kò sì lè dúró sí àyè olùjíhìn láé. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò méjì kan ní Niu Yọ́ọ̀kì kó àwọn ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ̀wé fún èèyàn, kọ fún wọn, sínú ìwé tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù. Nígbà tí adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là, àwọn àti iléeṣẹ́ wọn ló bù ú lé, kò bù ú lé ẹ̀rọ. Ọdún yẹn kan náà ni COPE, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú títẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, sọ pé a kò lè kọ orúkọ ẹ̀rọ mọ́ ti òǹkọ̀wé, nítorí kò lè dúró fún ohun tó kọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò lè jíhìn.

Mo fi ojú mi rí bí èyí ṣe rí lára èèyàn. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti iṣẹ́ tó kọ, ìtọ́kasí méjìlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé orí ìkarùn-ún, orúkọ òǹkọ̀wé wà, jọ́nà náà wà, nọ́ńbà ojú ewé wà. A ṣí jọ́nà náà sí ojú ewé yẹn, iṣẹ́ ẹlòmíràn la bá níbẹ̀, lórí ohun tí kò jọ ọ́ rárá. Ọmọ náà wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ bí ẹni tó ka ìwé náà ni.»

Kí ni a ó pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan nínú yín dábàá «ìran» fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «hallucination». Mo bẹ̀ yín, kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Aríran lẹni tí ojú rẹ̀ là ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí a bá ní ẹ̀rọ ríran, a ti gbé oyè fún un níbi tó ti ṣubú. «Irọ́» náà kò bá a mu, torí òpùrọ́ mọ òtítọ́ kó tó yí i. Ẹ̀rọ kàn ń to ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ léra ni, yálà ó bọ́ sí òtítọ́ tàbí kò bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́ ti wà nílẹ̀: ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àìlẹ́sẹ̀nílẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ bá sọ fún pé «ìtọ́kasí karùn-ún rẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀» mọ ohun tó kàn: kó lọ wá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ ló kọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún jù lọ. «Ẹ̀rọ atúṣìírí» tí ẹ pè é dún dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti dájọ́ tán kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. OpenAI, iléeṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 2023. Nínú ìdánwò tí àwọn fúnra wọn ṣe, iṣẹ́ ẹ̀rọ 26 nínú 100 ló dá mọ̀, ó sì pe iṣẹ́ èèyàn 9 nínú 100 ní ti ẹ̀rọ. Oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó. Lọ́dún náà, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ méje wo àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún irú wọn. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ka èyí tó lé ní ìdajì sí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fi èdè àjèjì kọ̀wé ni ìyà yìí ń já lé, ó sì yẹ kó dun àwa tí a mọ bí ó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹ̀rọ ìfura. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá fura ṣì ní láti béèrè.

Ọ̀kan ṣì kù. Nínú fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ bí ó ṣe lo ẹ̀rọ sí, ẹ kọ «ìjẹ́wọ́». Olè ló ń jẹ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà lórí fọ́ọ̀mù, ọmọ tó fi ẹ̀rọ wo àmì ohùn lásán yóò fi pamọ́, ẹni tó fi kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ náà kò sì ní sọ. «Àlàyé ìlò» ti tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí a yọ «gbà» kúrò nínú «ìgbàlò». Ẹni tó bá sọ pé òun gbà á ti parí ìpinnu, bẹ́ẹ̀ àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣì lè sọ pé níbí yìí, a kò ní lò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni àròkọ ọdún kìíní. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: à-rò-kọ, ohun tí a rò, tí a sì kọ. Bí ẹlòmíràn bá bá ọmọ rò ó, ó kù kíkọ, mi ò sì mọ orúkọ tí a ó máa pe ìyẹn.

Àkọlé tí mo dábàá nìyí: «Ìlò ọgbọ́n àtọwọ́dá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: ta ni yóò jíhìn, fún ta ni?» Kí wọ́n sì kọ orúkọ ipò kan sí abẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àyè yóò wà fún un.