Ilà dúdú kan lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Màmá

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa níbí. Lánàá tí mo ń bá wọn gé èékánná ni mo rí ilà dúdú kan lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní àga ló bọ́ lé e nígbà Kérésì, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án la wà yìí. Kò dùn wọ́n rárá. Ṣé kí n ṣì máa wò ó ni?

Bọ̀dá Peckham: Ìyá Ìbejì, ẹ má wò ó mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni tèmi wà. Àmì dúdú kékeré, kò dùn mí, kò yún mi. Ilé oògùn tí mo kọ́kọ́ lọ ní bàtà ló mú kí awọ ibẹ̀ le, wọ́n fún mi ní ìpara. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi pa á. Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí. Melanoma ni, jẹjẹrẹ awọ ara, lára èmi tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré pé àìsàn òyìnbó ni.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, ẹ má sọ pé ẹsẹ̀ ló ń da Màmá láàmú. Ẹ là á mọ́lẹ̀: àmì tuntun ni, kò lọ, ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà wá. Ẹ béèrè fún urgent suspected cancer referral, ìyẹn kí wọ́n tètè rán yín lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà torí ìfura jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ pè é. Ní England, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín láàárín ọjọ́ 28 bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́.

Dókítà awọ fi awò oníná wo tèmi, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n gé e lọ yẹ̀ wò. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe wọlé jìn tó, òun ló ń sọ ìtọ́jú tó kàn. Wọ́n padà gé awọ yí i ká, wọ́n bu awọ itan mi dí i. Kò tíì ràn dé ibòmíràn lára mi, mo dúpẹ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti ràn, oògùn bíi pembrolizumab wà tó ń ta àwọn ọmọ ogun inú ara jí.

Nọ́ọ̀sì Manchester: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ̀rù má ba gbogbo ilé o: ilà fẹ́ẹ́rẹ́ lórí èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ń ṣàn bọ́ sórí awọ ìdí èékánná, ìyẹn ni kí ẹ sáré sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì, bí èékánná ṣe ń hù ló ṣe máa ń sún síwájú, ìdí rẹ̀ á sì mọ́. Ẹ wo ìdí ti Màmá. Bob Marley náà, ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiẹ̀, lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n rí i pé melanoma ni, ó kú lọ́dún 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Oòrùn kọ́ ló ń fa irú èyí, torí náà dídú tí a dú kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹni tó bá bí àfín, oòrùn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ fún un: ìpara adènà oòrùn SPF 50, fìlà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.) Ìjọba ibí kì í pe èèyàn fún àyẹ̀wò awọ bí wọ́n ṣe ń pè wá fún ọmú. Lóṣooṣù, tí mo bá wẹ̀ tán, mo máa ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka, àtẹ́lẹwọ́, gbogbo èékánná. Ẹ bá Màmá pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ kí ẹ tó lọ. Tí wọ́n bá lé làálì, ẹ sọ fún dókítà.

Àbúrò Croydon: Tó bá wá jẹ́ òun, ká má rí i, ẹ gba fọ́ọ̀mù FP92A lọ́wọ́ GP. Ẹ ò ní sanwó oògùn fún ọdún 5.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wo ìdí rẹ̀. Kò mọ́. Dúdú náà ti kan awọ. Mo pe GP ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ yìí, wọ́n ní ká wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ fi Màmá sínú àdúrà.

Bọ̀dá Peckham: Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa wò ó fún oṣù mẹ́ta, ẹ má dìde lórí àga. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ béèrè, àwọn sì kọ̀. Fóònù mi á wà ní títàn lọ́jọ́bọ̀.