Aró ìyá mi ń di aṣọ tó ti ṣá nínú fọ́tò: ṣé kámẹ́rà ni, àbí èmi?

ỌmọÌtòkú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Ìyá mi ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá wọn gbé ọjà sórí Instagram àti WhatsApp. Fóònù ni mo fi ń yà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kó àjọ mi, mo fi ra Canon 700D tòkunbọ̀ pẹ̀lú léńsì 18-55 tó máa ń bá a wá. Mo rò pé wàhálà mi ti parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ tó dúdú minimini, tí aró ti wọ̀ ọ́ lára dáadáa, tí mo bá yà á, á jáde bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ nígbà mẹ́wàá. Àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá. Ohun tó wá ń rú mi lójú ni pé brocade funfun tí a kò tíì rẹ, tí mo ń yà kí oníbàárà lè yan irú aṣọ tó fẹ́ kí á rẹ fún òun, òun ń dúdú ni! Ṣe ló ń dà bíi pé eérú kù sí i lára.

Oníbàárà wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra yáàdì márùn-ún lóṣù tó kọjá. Aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní èyí kọ́ ni òun yàn. Ó ní èyí tí òun rí lórí fóònù dà bí ojú ọ̀run, èyí tó dé ọwọ́ òun dúdú bí òru. Ìyá mi dá owó padà fún un, owó ìfiránṣẹ́ sì wọgbó. Ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ìkejì, ká tiẹ̀ ní àwọ̀ dáa, fọ́tò mi kì í dùn-ún wò. Mo máa ń na aṣọ mẹ́fà sórí okùn, kí n yà wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń wò ó ò ní mọ ibi tó yẹ kí ojú òun bà lé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ kọ́ ìlànà ọnà ná, bí a ṣe ń to nǹkan kí ojú lè gbà á. Ẹlòmíràn ní kí n pa ìyẹn tì, kí n kọ́ ISO, shutter àti aperture. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́? P ni mo máa ń gbé kámẹ́rà sí, níbi tó ti ń bá mi ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí mo bá gbé e sí M kí n fọwọ́ ara mi ṣètò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn.

Kámẹ́ràLóBorí

700D? Tà á. Ra full frame, kámẹ́rà olówó ńlá. Ọ̀rọ̀ ti parí.

ỌmọÌtòkú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi nọ́ńbà báǹkì yín ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ ibi tí owó rẹ̀ ti máa wá.

Bàbá Onífọ́tò

Ọmọ mi, má tà á o. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà rẹ.

Ọdún 1981 ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Òṣogbo. Ọdún kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń po oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, mo ń tún ìjókòó ṣe fún àwọn tó wá yàwòrán. Àwòrán 36 ló wà nínú rólì fíìmù kan. Tí o bá bà á jẹ́, ọ̀gá á yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ rẹ. Ebi yẹn ló kọ́ mi pé kámẹ́rà ò lójú.

Gbọ́ ohun tó ń ṣe aró ìyá rẹ. Nǹkan kan wà nínú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kò mọ adìrẹ, kò mọ ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ohunkóhun tó bá wà níwájú òun, tí a bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́: kò funfun, kò dúdú. Bí o bá wá fi aṣọ aró kún ojú rẹ̀ láti igun dé igun, á ní òkùnkùn ti pọ̀ jù níbí, á bá ọ bu ìmọ́lẹ̀ kún un títí aró á fi di eérú. Bí o bá fi brocade funfun kún ojú rẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bù ú kúrò títí funfun náà á fi di eérú. Àṣìṣe méjì tí o kà sílẹ̀ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Gbé e kúrò ní P, gbé e sí Av, níbi tí ìwọ á ti yan aperture, tí kámẹ́rà á yan shutter. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ Av àti +/- sí. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má tíì fi í sílẹ̀, kí o wá yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lókè nítòsí ibi tí o ti ń tẹ̀ ẹ́ yàwòrán. Fún aṣọ aró, gbé e sí -1. Tó bá ṣì ń ṣá, tún fà á sísàlẹ̀ díẹ̀. Fún brocade funfun, +1. Ọkàn rẹ á fẹ́ ṣe òdìkejì. Má dá a lóhùn. Ohun tó dúdú, dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ohun tó funfun, fi kún un.

Ní ti M tó ń bà ọ́ lẹ́rù, ọmọ aláró ni ọ́, o ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Ìkòkò aró ni kámẹ́rà. Bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó, aperture nìyẹn; f/ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe ń fẹ̀ tó. Bí aṣọ ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò, shutter ni. Bí aṣọ fúnra rẹ̀ ṣe ń yára mu aró sí, ISO nìyẹn. Kìkì pé tiwa yàtọ̀ sí tìyá rẹ: bó bá ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò ló ṣe ń funfun tó! Aṣọ tó bá sì ń mu aró ní àmukíá kì í mu ún dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ISO tó bá ga jù fi máa ń mú kí àwòrán rí hóró-hóró bíi gààrí.

Nọ́ńbà ISO àti shutter ń lọ ní ìlọ́po méjì. ISO 800 mu ìlọ́po méjì 400. 1/250 jẹ́ ìlọ́po méjì 1/500. Nítorí náà, ohun tí o bá mú kúrò níbì kan, o lè dá a padà níbòmíràn. Lábẹ́ ibòòji lọ́sàn-án, níbi tí ojú ọ̀run ti ń wo aṣọ ṣùgbọ́n tí oòrùn ò kàn án, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/8, ISO 400, 1/250. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, ṣí i sí f/5.6, gbé ISO lọ sí 800. Má jẹ́ kí shutter lọ sísàlẹ̀ 1/100 tí o bá fa léńsì dé 55, ibi tó ti ń mú nǹkan sún mọ́ jù, ọwọ́ á gbọ̀n, àwòrán á sì rú.

Ìbéèrè tí o wá bi, èwo ni kí o kọ́kọ́ kọ́, wọn ò yàtọ̀ síra. Ta ló ní kí o lo f/8? Ìwọ ni, nítorí o fẹ́ kí gbogbo igun aṣọ hàn ketekete. Bó bá jẹ́ pé etí gèlè nìkan lo fẹ́ kí ènìyàn wò, wàá sún mọ́ ọn, wàá lo f/5.6 ní 55, ẹ̀yìn á sì rọ̀. Ṣé iṣẹ́ kámẹ́rà nìyẹn ni, àbí iṣẹ́ ọnà? Kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ fi hàn. Nọ́ńbà á tẹ̀lé e.

Wá iṣẹ́ olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere wò, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà. Yàrá òkùnkùn lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí mọ́tò, kò tiẹ̀ sí àwọ̀, dúdú àti funfun ni. O lè ka ojú irun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ wá lọ na aṣọ mẹ́fà sórí okùn kan.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé má fi nǹkan sáàárín, pé fi sí ìdá mẹ́ta ẹ̀gbẹ́. Òfin wọn nìyẹn. Láyé tiwa, àgbàlagbà tó wá yàwòrán á jókòó sáàárín gbùngbùn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú síwájú, agbádá á tẹ́ rẹrẹ. Bí o bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò ní sanwó. Ó ní ìdí.

ỌmọÌtòkú

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ìkòkò aró yẹn yé mi ju gbogbo fídíò tí mo ti wò lọ. Mo ti dán -1 wò láàárọ̀ yìí, aró ti dúdú. Ṣùgbọ́n ó wá ní àwọ̀ pupa kan nínú tí kò sí lára aṣọ. Ó ń dà bí osùn díẹ̀. Kí ló tún fà á?

ÌyẹAdìẹ

Àbúrò, kí ló wà lórí rẹ níbi tí o ti yà á?

ỌmọÌtòkú

Agboòrùn ńlá ti ọjà ni, mà. Pupa ni.

ÌyẹAdìẹ

Ó tán. Oòrùn gba inú aṣọ pupa kọjá kó tó dé ara adìrẹ rẹ, ṣé o rò pé á wá padà di funfun lójú ọ̀nà ni? Tapólì búlúù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri tí wọ́n kùn ní yẹ́lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá súnmọ́ aṣọ. Ojú wa kì í rí i nítorí ọpọlọ ti bá wa tún un ṣe, kámẹ́rà ò ní ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Gbé aṣọ kúrò lábẹ́ agboòrùn, lọ sábẹ́ ìbòòji ilé. Lẹ́yìn náà, fi bébà funfun síbi tí aṣọ máa wà, yà á kó kún ojú kámẹ́rà, kí o lọ sínú mẹ́nù níbi tí wọ́n kọ Custom White Balance sí, kí o mú àwòrán bébà náà. Má gbàgbé pé o tún gbọ́dọ̀ yan àmì rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èmi gbàgbé nígbà kìn-ín-ní, mo wá ń bú kámẹ́rà. Tí o bá kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn, tún bébà yà.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe onífọ́tò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá sọ nípa ọnà, mo fẹ́ fi tèmi kún un, nítorí ìyẹ́ adìẹ ló kọ́ mi ní fọ́tò.

Nígbà tí ìyá mi ń kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, mo máa ń fẹ́ kún gbogbo ojú rẹ̀. Mo rò pé ibi tí mi ò yà sí, iṣẹ́ tí mi ò ṣe ni. Wọ́n á ní, "Níbo lo fẹ́ kí aró jókòó sí?" Ẹ̀kọ ni kì í jẹ́ kí aró wọlé, ibi tí o bá fi sílẹ̀ láìyà ló máa dúdú. Aṣọ tí o bá fi ẹ̀kọ kún tán pátápátá, funfun lásán lo máa rí nígbà tí o bá fọ̀ ọ́ tán. Àyè náà ni aṣọ. Fọ́tò rẹ náà fẹ́ àyè. Aṣọ kan ṣoṣo, ògiri tí kò ní nǹkan kan lára, ó tó.

Ibi tí mo ti yapa sí Bàbá díẹ̀ rèé. Tó bá jẹ́ odindi aṣọ lo ń yà, bẹ́ẹ̀ ni, àárín gbùngbùn, kó dọ́gba. Wo Ìbàdàndùn, ọnà adìrẹ kan tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn nínú. Tí òpó yẹn bá wọ́, ìtìjú ni. Dúró kí ojú kámẹ́rà kọjú sí aṣọ gan-an, má gbé e sókè, má dà á sílẹ̀, nítorí tí o bá dà á díẹ̀ báyìí, ojú òkè á fẹ̀, ìsàlẹ̀ á fún, onígun mẹ́rin ìyá rẹ á wá dà bí pákó tí wọ́n gé ségesège. Má sì yà á ní 18, ibi tí léńsì ti ń gba ohun tó pọ̀ jù, léńsì yẹn ń tẹ ìlà etí aṣọ síta bí ikùn. Sún sẹ́yìn, lo 35 sókè.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé o sún mọ́ ọn láti fi ọwọ́ ẹni tó ya á hàn, má fi sáàárín. Olókun, ọnà adìrẹ mìíràn, kún fún àpótí onígun mẹ́rin lóríṣiríṣi, a ò lè wò ó tán. Wá ibì kan tí ìlà ti gbọ̀n díẹ̀, tí ó hàn pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, jẹ́ kí àwọn yòókù máa sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Oníbàárà tó wà lókè òkun, ohun tó ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ adìrẹ ò ní in.

Àti pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ o! Ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òwú aṣọ á dìde. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjú sí aṣọ gan-an, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bàbá Onífọ́tò

Mo gbà fún ọ, ìyáàfin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yẹn wọ̀ mí lára.

ỌmọÌtòkú

Mo padà wá o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é kí n tó kọ èyí.

Mo jí lọ sí ẹ̀yìn ilé wa níbi tí ògiri simẹ́ńtì wà. Bébà funfun, mo yà á. Av, f/8, -1. Mo fi aṣọ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó jọra. Kò jọra tán, àmọ́ tí ènìyàn bá rà á kò ní dá a padà. Mo ti wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan báyìí pé aró wa dúdú ju bí fóònù míì ṣe lè fi hàn lọ. Òpó Mápó dúró ṣánṣán nígbà kẹfà tí mo yà á. Nígbà márùn-ún àkọ́kọ́, ṣe ló ń ṣubú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo bà jẹ́: lẹ́yìn tí mo yà aṣọ tán, inú mi dùn, mo ní kí ìyá mi dúró síwájú ògiri náà kí n yà wọ́n. Mo gbàgbé pé -1 ṣì wà lórí kámẹ́rà. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú wọn títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti rẹ èmi náà mọ́ ọn ni?"