Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 29 ni kí n rà, àbí íǹṣì 27.5?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. BikePark Wales, ọgbà ìgun kẹ̀kẹ́ orí òkè kan ní Wales, ni mo ti máa ń gùn jù. Mi ò ga púpọ̀. Ẹsẹ̀ 29 máa ń gorí òkúta àti gbòǹgbò kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́ gan-an, tí mo bá sún ìdí sẹ́yìn, táyà a máa ha mí ní ṣòkòtò. 27.5 sì yá láti yí ní kọ́nà. Láti 2019 ni UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ti fàyè gba 29 níwájú, 27.5 lẹ́yìn. Èyí ló wù mí jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gùn ún, ṣé ó máa ń dúró ṣinṣin lórí eré? Tí mo bá sì fi 27.5 sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún 29, ṣé kẹ̀kẹ́ ò ní lọ sílẹ̀ débi tí pẹ́dà á fi máa gbá òkúta?