Ta ló lè bá mi gba fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò VHS tó ti bu là ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù, mo kí yín o. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì ní kásẹ́ẹ̀tì VHS púpọ̀ nílé: fíìmù Yorùbá àtijọ́, àti ti òkèèrè, pàápàá ti Ousmane Sembène ará Senegal àti Satyajit Ray ará Íńdíà, àwọn tí mo gbà pé wọ́n mọ bí a ti ń fi sùúrù ṣàfihàn ìgbésí ayé mẹ̀kúnnù ju ọ̀pọ̀ fíìmù aláriwo tó ń ti Amẹ́ríkà wá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, mo ti ṣe tán.

Ọ̀rinrin òjò ti mú kí àwọn kan bu. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ó rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun létí téèpù. N kò fi wọ́n sínú ẹ̀rọ, nítorí pé ó lè ba orí tí ẹ̀rọ fi ń ka téèpù jẹ́, kó sì ran èyí tó ṣì dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó lè nù wọ́n mọ́, kó sì dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà? Ṣé ẹni tó bá mọwọ́ rẹ̀ lè ṣe é nílé? Ìlànà àwòrán fídíò tí wọ́n ń pè ní NTSC tún ni ti àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó ti Amẹ́ríkà wá, bẹ́ẹ̀ ìlànà mìíràn, PAL, ni à ń lò ní Nàìjíríà. Irú ẹ̀rọ wo ló lè ka méjèèjì, níbo ni mo sì ti lè rí àlòkù rẹ̀ rà?