Àwòrán lọmọ mi ń kà, kì í ṣe ìwé. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn o

Ìyá Ìdúmọ̀tà:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ló gbé mi wá, ó pé ọmọ ọdún 5 lóṣù tó kọjá, KG 2 ló wà. Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ilé wa ò sì jìnnà, Ìsàlẹ̀ Èkó níbí náà ni, ṣùgbọ́n aago méje alẹ́ ni mo máa ń wọlé, kí n tó dáná, kó tó jẹun, kó tó wẹ̀, oorun ti ń kùn ún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àǹtí ẹ̀ ní sùkúù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọmọ yìí ò tíì lè ka ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta, pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kà á. Mo ní kò lè jẹ́ òótọ́ mà, torí lálaalẹ́ ló ń ka ìwé ẹ̀ fún mi, á já geere, kò sí ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ìgbà tá a délé mo ní kó gbé ìwé náà wá. A dé ojú ewé tí ológbò wà, mo fi ọwọ́ bo ológbò yẹn, mo ní ó yá, kà á fún mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní "Mọ́mì ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò, mi ò rí i". Mo ní ọ̀rọ̀ ni kó o kà, òun nìyẹn nísàlẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ló bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwòrán lọmọ yìí ń pè ní ọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí! Ó kàn ti há gbogbo ìwé náà sórí ni.

Mo wá kọ sat sínú ìwé fún un. Ó mọ A dé Z dáadáa, ó lè kọ ọ́ lórin látòní dọ̀la, ó pè é fún mi, ẹ́ẹ̀sì, éè, tíì. Mo ní tá a bá pa wọ́n pọ̀ ńkọ́? Ó ní "ẹ́ẹ̀séètíì". Inú bí mi, mo na pàǹkẹ́rẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí n má parọ́ fún yín. Látìgbà náà tó bá ti rí mi pé mo ń ṣí báágì ìwé ẹ̀, á ní òun fẹ́ tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gba tíṣà lẹ́sìnnì fún un ni? Ẹnìkan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sì ní kí n má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́, pé òun ló ń da orí ẹ̀ rú. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé òun náà ò mọ̀wé kà títí tóun fi dé prámárì 2, òun sì di nǹkan láyé. Mi ò fẹ́ sọ nǹkan tó dà.

Àǹtí KG Sùúrùlérè:

Ẹ kú àárẹ̀ mà. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń kọ́ nọ́sìrì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ síbí yìí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ pàǹkẹ́rẹ́ yẹn sígbó. Ọmọ yín ò yọ̀dẹ̀ rárá. Ọmọ tó lè há odidi ìwé sórí tó sì ń ṣí i léwé-léwé bó ṣe ń sọ ọ́, ó ti mọ̀ pé ìwé máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gba ibẹ̀ yẹn kọjá. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé lẹ́tà ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ológbò.

Orúkọ lẹ́tà lẹ kọ́ ọ, ẹ ò kọ́ ọ ní igbe tó ń ké. Ajá lorúkọ ajá, ṣùgbọ́n tó bá yanu "wó wó" ló ń sọ, kì í sọ pé "ajá ajá". S náà, "ẹ́ẹ̀sì" lorúkọ ẹ̀, "sssss" bí ejò ló ń ké. Ọ̀pọ̀ sùkúù aládàáni l'Ékòó fónìkì, ìyẹn fífi ohùn lẹ́tà kọ́ ìwé kíkà, ni wọ́n fi ń kọ́ wọn báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Jolly Phonics ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn ò sì bẹ̀rẹ̀ láti A B C. s, a, t, i, p, n ló fi ń bẹ̀rẹ̀, torí mẹ́fà yẹn nìkan ti tó ẹ to sat, sit, tin, pin, nap, tap àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ á ti máa kàwé kó tó mọ ìdajì ABC. Ẹ bi àǹtí ẹ̀ pé lẹ́tà wo ni wọ́n dé lọ́sẹ̀ yìí, kí tilé má bàa ta ko ti sùkúù.

Lẹ́sìnnì kẹ̀? Ẹ tọ́jú owó yín ná. Ẹ ṣa ìdérí míńírá mẹ́fà, ẹ fi máákà kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, lẹ́tà kékeré o, kì í ṣe ńlá, torí lẹ́tà kékeré ló pọ̀ nínú ìwé. Ẹ to s, a, t sílẹ̀, kó fi ìka kan kọ̀ọ̀kan kó máa pe ohùn ẹ̀, lẹ́yìn náà kó ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n kan ara wọn, kó sì pè é pọ̀, sssaaat. Ẹ wá pààrọ̀ s, ẹ gbé p síbẹ̀. Inú ọmọdé máa ń dùn tó bá rí i pé òun tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, òun sì ni mo máa ń bá àwọn òbí jà lé lórí jù. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáńtì, lẹ́tà bíi t, l, d, parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, tẹ́búlù, ahọ́n wa ti mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ́ ọmọ pé "sù, à, tù", ibo ló ti fẹ́ rí sat níbẹ̀? "Sùàtù" ló máa gbọ́, á sì máa wo ẹnu yín. s ò ní "ù" nídìí, t gan-an ẹ gé e kúrú, ahọ́n kan eyín, ó tán.

Ìṣẹ́jú 10 tó. Kó má jẹ́ alẹ́ tí oorun ti ń kùn ún o, àárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un ló dáa jù.

Bàbá Ìbejì, Múṣín:

Èmi ò mọ fónìkì-fónìkì yẹn, mẹkáníìkì ni mí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n wá sọ ti nọ́ńbà ọkọ̀ fún yín. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn ìbejì lọ sùkúù láàárọ̀, tá a bá ti dé Ojúẹlẹ́gba mọ́tò ò ní lọ mọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ́yìn. Ni mo bá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ka lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nínú nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú wa ló máa jókòó sétí wíńdò lọ́la. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nọ́ńbà Èkó máa ń ní lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ níwájú, MUS ni tiwa níbí, KRD ni Ìkòròdú, EPE ni Ẹ̀pẹ́, APP ni Àpápá. Àwọn kan ṣeé kà, MUS ṣeé kà, EPE ṣeé kà. KRD ò ṣeé kà, Táyé wá bi mí pé kí ló dé, mi ò mọ èsì, Kẹ́hìndé ló dáhùn pé kò sí a, e, i, o, u níbẹ̀. Ọmọ ọdún 5 o! Mo fẹ́ẹ̀ kọlu ọlọ́kadà.

Ara dánfó náà níwèé pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ tó ní kọ́mọ kà á, mo ti kàgbákò rí.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tà:

Ìyá Ìdúmọ̀tà, ọmọ mi, ta ló ní Yorùbá ń da orí ọmọ rú? Mo kọ́ prámárì 1 títí mo fi gba pẹ́ńṣọ̀n, mi ò rí èyí tí Yorùbá da orí ẹ̀ rú rí, èyí tí wọn ò sọ èdè kankan sí dáadáa nílé ni mo rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ńbẹ̀ yẹn náà ni, ní 1970 òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, tí òyìnbó kàn jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú òyìnbó náà, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Wò ó, lẹ́tà 25 la ní, ohun tó o bá rí náà lò ń pè. B-à-t-à, bàtà, ó parí. Òyìnbó ní 26, ohùn tó ń ti inú ẹ̀ jáde sì tó 44, a inú cat yàtọ̀ sí ti cake, ó yàtọ̀ sí ti car. Èwo ló rọrùn fọ́mọdé láti fi mọ̀ pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀? Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàtà, ata, ilé, ìyá. Tó bá ti mọ ẹ àti ọ tiwa, ó ti mọ e inú bed àti o inú pot nìyẹn, ohùn kan náà ni, àmì abẹ́ ẹ̀ ni wọn ò fi sí i.

Àmọ́ p tiwa àti tòyìnbó kì í ṣọmọ ìyá kan náà. Fa tíṣù pélébé kan síwájú ẹnu ẹ, sọ pin bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, tíṣù á mì. Sọ "pápá" bí Yorùbá, ó lè máà mira rárá. Jẹ́ kó ṣe é fúnra ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbàgbé.

Tó o bá sì ń dáná lálẹ́, pa àlọ́ Ìjàpá fún un, dákẹ́ lágbedeméjì, ní kí ló rò pé Ìjàpá fẹ́ ṣe? Ìbéèrè tí àǹtí ẹ̀ máa bi í nínú ìwé náà nìyẹn.

Sìsí Yábàá:

Ẹ kú iṣẹ́ Ìyá Àgbà, mi ò ta kò yín o, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní prámárì gan-an, ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Kí ìyá sọ méjèèjì sí i jàre.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé ẹ lọ yẹ ojú àti etí ẹ̀ wò. Ọmọbìnrin tèmi, odindi tọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi ń kọ "kò fọkàn sí i" sínú ìwé èsì ìdánwò ẹ̀ fún mi, mo sì ń bá a jà. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, kò sì rí bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tó gba díígí, a jáde ní ọsibítù, ó dúró síwájú pátákó kan ó ní "Mọ́mì, ìwé wà lára ẹ̀!" Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá mo ń sunkún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé ọmọdé tí kò wọ́n, ẹ wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ ní Yábàá. Ẹ ṣí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ojú ewé máa ń já nínú wọn.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tà:

Ìjọba lè wọ́gi lé ìlànà, ṣé wọ́n lè wọ́gi lé ìyá ẹ̀ ni? O ti sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí ojú yẹn ṣá.

Ìyá Ìdúmọ̀tà:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ̀wé yìí, ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá, ọjà ìparí oṣù ni. A ti yẹ ojú wò, ojú ẹ̀ dáa, etí ẹ̀ dáa. Mo bẹ ọmọ náà nítorí pàǹkẹ́rẹ́, ó ní kò burú, ó wá ní ṣé kóun ṣẹ́ pàǹkẹ́rẹ́ náà. A jọ ṣẹ́ ẹ ni.

Ìdérí míńírá yẹn ṣiṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ kò yé e rárá, ó kàn ń tò wọ́n bíi mọ́tò. Ọjọ́ karùn-ún mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó ti p, i, n pọ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gbójú sókè sí mi, "Mọ́mì, pin! Èyí tẹ́ ẹ fi ń di aṣọ!" Ó sáré lọ mú píìnì nínú àpò ọjà mi, ó kù díẹ̀ kó fi gún ara ẹ̀. Lánàá òun ló fi ọwọ́ bo àwòrán, ó ní ó yá, ẹ̀yin náà ẹ kà á.

Àǹtí KG, lẹ́tà wo ló kàn? Bàbá ẹ̀ ló ń mu míńírá náà, ó ní iṣẹ́ ọmọ lòun ń ṣe.

Àǹtí KG Sùúrùlérè:

Ẹ kú oríire mà! c àti k ló kàn, ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń ké, lẹ́yìn wọn e, h, r, m, d. Ìdérí méje sí i nìyẹn. Ẹ ní kí bàbá ẹ̀ rọra o, tàbí kó lọ tọrọ ìdérí lọ́wọ́ àwọn onímíńírá ìsàlẹ̀ afárá.