Ère ìbejì wa tí wọ́n jí ti yọjú ní gbànjo nílùú òyìnbó: báwo la ṣe máa gbà á padà?

Ọmọ Ìgbómìnà béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń fẹ́ ìmọ̀ràn kíákíá. Ère ìbejì méjì wà nílé wa, tí wọ́n gbẹ́ fún ìyá bàbá bàbá mi nígbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé rẹ̀ kú ní kékeré, kí wọ́n tó pa Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ilé ṣe ń sọ. Nínú ìyàrá ìyá wa àgbà ni wọ́n wà títí di ọdún 2021, nígbà tí a gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn, tí àwọn olè já ìlẹ̀kùn, tí wọ́n sì kó ère méjèèjì lọ. A fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé tí wọ́n fún wa sì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà a kò gbúròó wọn mọ́.

Àfi bí àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester ṣe rí ọ̀kan nínú wọn lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan tó ń lu ọjà ní gbànjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Táíwò ni, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Etí ibi tó dúró lé ti ṣẹ́ ní apá ọ̀tún, ìṣó kékeré tí bàbá àgbà fi mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣì yọrí, aró búlúù ti ṣí kúrò lára irun rẹ̀ ní apá òsì, òwú dúdú tí ìyá àgbà fi tún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ sín nígbà tí ti àtijọ́ já sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi osùn pa á, tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. A ní fọ́tò kan láti ọdún 1986 níbi tí ìyá àgbà ti gbé ère méjèèjì lé itan. Ohun tí àwọn tó ń tà á kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju pé ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ló ti wá.

Kí oṣù yìí tó parí ni wọn yóò tà á. Ṣé kí a dá owó jọ, kí a bá wọn du ọjà náà ni? Ṣé kí a kéde rẹ̀ lórí Facebook? Àbí ó ti di ti ẹni tó rà á?

Lọ́yà Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú. Kò tíì di ti ẹnikẹ́ni. Ìpìlẹ̀ òfin lọ́dọ̀ wa àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí kò ni nǹkan kò lè tà á kí ó di ti ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni tó rà á ṣe olóòótọ́ tó. Àyè kan wà tẹ́lẹ̀ nínú òfin wọn tó ń gba ẹni tó bá ra ẹrù olè ní gbangba ọjà láìmọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òfin ọdún 1994 pa á rẹ́.

Ohun méjì ló lè dí yín lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1980 lórí iye ọdún tí ènìyàn lè fi pẹjọ́ sọ pé bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́wọ́ olè, kò lè di tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti fi òótọ́ inú rà á ni ọdún mẹ́fà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka, bí ó bá sì pé láìsí ẹjọ́, ẹ̀tọ́ oní-nǹkan ti tán. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹni tó kó o wá rà á ṣe pàtàkì gidigidi.

Ìkejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, ni ibi tí ère náà gbà kọjá. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, kóòtù gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Winkworth, ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ ọnà kéékèèké ilẹ̀ Jàpáànù rẹ̀ gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tà á fún ẹnì kan ní Ítálì, tí ẹni yẹn sì kó o padà sí Lọ́ńdọ̀nù fún gbànjo. Kóòtù ní òfin Ítálì, níbi tí káràkátà náà ti wáyé, ni yóò sọ ẹni tó ni ín, òfin Ítálì sì máa ń gbè lẹ́yìn ẹni tó fi òótọ́ inú ra nǹkan. Bí ère yín bá gba Faransé kọjá, ọdún mẹ́ta péré láti ọjọ́ tí wọ́n jí i ni òfin fi sílẹ̀ fún oní-nǹkan, bí ó bá sì jẹ́ pé ní ọjà gbangba ni wọ́n ti rà á, ẹ ní láti dá owó tí ẹni tó rà á san padà fún un. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ilé gbànjo náà ni: ní ibo, ní ọjọ́ wo, lọ́wọ́ ta ni?

Oníṣòwò Ọjà Àtijọ́ dáhùn:

Mo bọ̀wọ̀ fún Lọ́yà, ṣùgbọ́n owó ẹjọ́ nílùú òyìnbó lè ju iye tí wọn yóò ta ère náà lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Bí wọ́n bá tà á fún ẹni tí a kò mọ̀, ó lè gba ogún ọdún kí ó tó tún jáde. Èmi ì bá dá owó jọ kí n rà á, kí màmá lè fi ojú kàn án ní ayé wọn.

Fẹ̀yìntì Mùsíọ́ọ̀mù dáhùn:

Ọmọ mi, má kọ́kọ́ gbé owó jáde. Bí o bá san owó lórí ohun tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ rẹ, o ti fún ẹni tó gbé e wá ní èrè, o sì ti sọ fún àwọn tó já ìlẹ̀kùn yín pé ọjà wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mi ò sọ pé ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ẹrù olè ni, nítorí pé ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹnì kan láàárín mọ̀.

Wo ère orí Ifẹ̀ tí wọ́n jí ní mùsíọ́ọ̀mù Jos ní ọdún 1987. Ní ọdún 2007, ìjọba Belgium fúnra wọn tà á ní gbànjo mọ́ àwọn ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, oníṣòwò kan sì rà á ní 240 yúrò. Ní ọdún 2017, ó gbé e lọ sí ilé gbànjo kan ní Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó dá títà náà dúró ni pé orí náà ní àkọsílẹ̀ àti àwòrán, àwọn tó yẹ ẹ́ wò sì dá a mọ̀. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ín gba ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ohun tó jáde láti mùsíọ́ọ̀mù ìjọba bá lè rí bẹ́ẹ̀, ìwọ tí fọ́tò kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ ní láti múra gan-an.

Òfin wa ti ọdún 1979 wà lẹ́yìn rẹ. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918, tàbí èyí tó níye lórí fún ìtàn tàbí ọnà, tí wọ́n sì ti lò nínú ìsìn ìbílẹ̀ nígbà kan rí, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù. Kọ̀wé sí àjọ náà kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn balẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ère ìbejì ló kúrò nílẹ̀ yìí nítorí pé ọmọ onílé fúnra rẹ̀ ló tà á, pàápàá lẹ́yìn tí ìdílé bá ti gba ẹ̀sìn mìíràn. Èyí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Kí ẹ pe gbogbo mọ̀lẹ́bí jọ ṣáájú, kí olórí ẹbí béèrè gbangba bóyá ẹnì kan tà á, kí àwọn tó gbé nínú ilé náà sì búra sínú ìwé ní kóòtù pé kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fò ó.

Ará Lọ́ńdọ̀nù dáhùn:

Ẹ dákun, ẹ má tíì gbé e sórí Facebook. Bí ariwo bá kọ́kọ́ dé etí ẹni tó ń tà á, ó lè yọ ọjà rẹ̀ kúrò, kí ó sì tà á ní kọ̀rọ̀. Lónìí ni kí àbúrò yín ya àwòrán gbogbo ojú ewé ọjà náà pẹ̀lú nọ́ńbà ọjà àti ọjọ́, kí ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí rẹ̀ láti gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé gbànjo náà. Kí ìwé náà jẹ́ ti ọmọlúàbí, láìpe ẹnikẹ́ni ní olè: àwòrán 1986, àwòrán ti ìsinsìnyí, àmì ara ère náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìwé ọlọ́pàá ti 2021. Wọn kì í fẹ́ ta ohun tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá rà á lè padà wá bá wọn gba owó rẹ̀. Wọn kò ní sọ orúkọ ẹni tó gbé e wá fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ọ́ fún ọlọ́pàá.

Kí àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà náà bá yín fi àkọsílẹ̀ àti àwòrán ère méjèèjì ránṣẹ́ sí Interpol, àjọ àwọn ọlọ́pàá àgbáyé. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn àjọ tí wọ́n fún ní àṣẹ nìkan ló lè mú kí nǹkan wọ inú àkójọ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí, èyí tó wà lọ́wọ́ Interpol, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi ID-Art, áàpù Interpol orí fóònù, wo àkójọ náà.

Lọ́yà Ìbàdàn tún dáhùn:

Òótọ́ ni Oníṣòwò sọ nípa owó ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn yìí fi ń parí sí orí tábìlì ìjíròrò, láìdé kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti dá títà dúró ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí ó sì jẹ́ nípasẹ̀ agbẹjọ́rò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ ti gbà pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọmọ Ìgbómìnà tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. A ti fi ìwé ránṣẹ́, ilé gbànjo náà sì ti dáhùn pé àwọn yọ ère náà kúrò nínú ọjà títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Olórí ẹbí ti pe ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé, ìwé ìbúra yóò sì tẹ̀ lé e.

Kẹ́hìndé ṣì wà níta. Wọ́n ga bákan náà, ilà àbàjà kan náà ló wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì Kẹ́hìndé ti là láti èjìká dé ìgúnpá, ẹ̀gbà idẹ tín-ín-rín kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò ṣeé bọ́. Ẹni tó bá rí i níbikíbi, kí ó jọ̀wọ́ ya àwòrán ọjà náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí mi kí ó tó bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀.