Ọwọ́ ta ni típù yín ń bọ́ sí?

Kí ẹ tó béèrè iye típù, ìyẹn owó ọpẹ́, tó yẹ kí ẹ fún òṣìṣẹ́ níbi tí ẹ ti lọ lo ìsinmi, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí owó yẹn jẹ́ fún un. Ní Amẹ́ríkà, ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní Faransé, wọ́n ti kà á mọ́ iye oúnjẹ kó tó dé iwájú yín. Ní Japan, ó lè kó ìtìjú bá a. Àwa mẹ́ta la ó sọ tiwa lórí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Amẹ́ríkà ni àlejò ti sábà máa ń fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ láìmọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ gba ẹni tó ni ilé oúnjẹ láàyè láti san dọ́là 2.13 ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba típù, iye yẹn ò sì tíì yẹ̀ láti ọdún 1991. Típù ló yẹ kó gbé e dé dọ́là 7.25 tí òfin là sílẹ̀. Bí kò bá tó, ọ̀gá ló yẹ kó fi kún un. Ìpínlẹ̀ California àti Washington ò gba irú ẹ̀, owó iṣẹ́ pípé ni wọ́n ní kí wọ́n san, àmọ́ àṣà típù ò yàtọ̀ níbẹ̀. Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá bá yín ní ìjókòó, lórí iye oúnjẹ nìkan, láìka owó-orí mọ́ ọn. Ọ̀nà tó yá jù: ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ sọ ọ́ di méjì. Bí oúnjẹ bá jẹ́ dọ́là 64, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 6.40, ìlọ́po méjì jẹ́ 12.80. Ìyẹn ni ìdá 20.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó gbé oúnjẹ wá kì í dá owó náà jẹ. Ó ń pín in fún ẹni tó ń kó àwo àti ẹni tó ń po ọtí. Níbi púpọ̀, iye ọjà tó tà ni wọ́n fi ń ṣírò ìpín yẹn, kì í ṣe iye típù tó rí gbà. Bí ẹ bá dìde láìfún un ní nǹkan kan, ó lè jẹ́ owó ara rẹ̀ ni yóò fi san ìpín àwọn yòókù lórí tábìlì yín. Bí oúnjẹ bá jóná tàbí tó pẹ́ kó tó jáde, ẹ pe máníjà kí ẹ sọ fún un. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó dáná jẹ ẹni tó gbé e wá níyà.

Bí ẹ bá pọ̀, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sókè, ẹ ka bíìlì dáadáa. Wọ́n lè ti fi gratuity, ìyẹn típù tí ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ṣírò, kún un, kí àyè típù sì tún ṣófo nísàlẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń san án lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹ fa ìlà sí àyè náà, ẹ kọ àpapọ̀ owó, ẹ mú rìsíìtì yín dání. Tó bá jẹ́ service charge (owó ìsìn) ni wọ́n kọ, ẹ béèrè bóyá ó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, torí owó ilé iṣẹ́ ni lójú òfin owó-orí ibẹ̀.

*

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti hòtẹ́ẹ̀lì kún un, torí ẹni tí wọ́n ń gbàgbé jù ni ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa fi tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹni tó tún yàrá yín ṣe lọ́jọ́ Ajé lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ẹni tó bá bọ́ sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn á sì gba owó iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ kọ ìwé pélébé sí i pé ti ẹni tó tún yàrá ṣe ni, kí ẹ gbé e sórí ìrọ̀rí. Owó tí kò ní ìwé lórí, òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ẹ̀sùn olè ń bà á. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 2 sí 5 ni fún alẹ́ kan. Ẹni tó gbé ẹrù, dọ́là 1 sí 2 fún báàgì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bá yín páàkì ọkọ̀, ìgbà tó bá gbé ọkọ̀ padà wá ni kí ẹ fún un.

Ẹ má fi owó onírin ilẹ̀ yín sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Báńkì kì í sábà gbà á, kò sì ní rí nǹkan kan fi ṣe. Dọ́là tó ya tàbí tó ti gbó náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ ṣẹ́ owó ìlú náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ yà á sọ́tọ̀.

*

Ẹ̀yin méjèèjì ti ṣe bẹbẹ. Tèmi ni àwọn ibi tí fífún gan-an ti lè di àṣìṣe. Ní Japan, bí ẹ bá fi ṣénjì sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n lè sáré tẹ̀ lé yín jáde láti dá a padà. Ilé àlejò ìbílẹ̀ wọn, ryokan, ni àwọn kan ti máa ń fún òṣìṣẹ́ ní kokorozuke. Owó bébà tuntun ni, nínú àpòòwé, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kì í sì í ṣe dandan.

Ní Jámánì, wọn kì í fi í sílẹ̀ sórí tábìlì. Bíìlì jẹ́ yúrò 27, ẹ fẹ́ san 30: ẹ sọ “30” bí ẹ ṣe ń na owó sí i. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ níbẹ̀ o. Bí ẹ bá na 50 sí i, tí ẹ sì sọ “danke” lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè rò pé ẹ ní kó mú ṣénjì. Ní Ítálì, coperto tó wà lórí bíìlì kì í ṣe típù. Owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni, orí lórí. Ní Britain, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n sábà máa ń fi kún bíìlì, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ bí iṣẹ́ ò bá dára. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 2024, òfin ti fi dandan lé e pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn aláàárù tó ń bá àlejò gbé ẹrù gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania. Bí ẹ bá di gbogbo owó pọ̀ fún olórí afinimọ̀nà, ó lè má dé ọ̀dọ̀ wọn pé. Ẹ béèrè iye wọn ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹ di ti oníkálukú sínú àpòòwé, kí ẹ kéde iye náà lójú gbogbo wọn, kí ẹ sì fi lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

Ìrìn ìgboro tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ náà, níbi tí afinimọ̀nà ti ń mú àlejò rìn yí ìlú ká, típù nìkan ni ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà ń rí níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àlejò kọ̀ọ̀kan tó wá. Ẹni tó bá yọ́ lọ láàárín ọ̀nà ti kó o sí gbèsè. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè bá wọn rìn ín parí, ẹ fún un kí ẹ tó yà.